Òpópónà Aláìnílẹ̀kùn

Ìjọba fẹ́ràn wa. Mo fẹ́ kí ẹ kọ́kọ́ mọ ìyẹn, kí ẹ má baà ṣi ọ̀rọ̀ mi gbọ́. Ìfẹ́ tí wọ́n ní sí wa pọ̀ débi pé wọ́n fẹ́ wó ilé wa, kí àwa náà lè gbádùn ọ̀nà tó máa gba orí rẹ̀ kọjá. Ọkùnrin olóhùn jẹ́jẹ́ kan ló sọ ọ́ lórí rédíò, ó ní fún àǹfààní gbogbo ìlú ni. Bàbá mi pa rédíò náà, ó bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Ìgbà tó fá pákó ọwọ́ rẹ̀ títí tí pákó náà fi fẹ́lẹ́ bí ìwé ni mo tó mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà wọ̀ ọ́ lára.

Káfíńtà ni bàbá mi. Iwájú ilé wa ni ṣọ́ọ̀bù wà, ẹ̀yìn ni a ń sùn, eruku pákó ni kò mọ ààlà láàárín méjèèjì. Èmi ni mo ń fi sánpépà ha iṣẹ́ rẹ̀, èmi ni mo ń kùn ún, èmi náà ni mo ń bá àwọn oníbàárà olójú líle jà, nítorí Ọlọ́run kò fún bàbá mi lẹ́nu ìjà, gbogbo rẹ̀ ló kó fún mi. Ilé yìí ló fi ìgbà èwe rẹ̀ kọ́. Kò sí owó ìfẹ̀yìntì kan níbì kankan tó ń dúró dè é. Bí ilé bá lọ, ṣọ́ọ̀bù lọ, oúnjẹ lọ, ibi tí ìyá mi ń gbé orí lé náà lọ. Ohun tó kù tí a lè máa retí ni owó gbà-má-bínú tí ìjọba ní àwọn máa san fún onílé kọ̀ọ̀kan, kí a fi wá ibòmíràn tó lè gba àwa mẹ́ta àti pákó wa.

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin kò sí lára ẹni mẹ́ta yìí, nítorí òun ti ní ilé tirẹ̀, ó sì ti níṣẹ́ ìjọba. Akọ̀wé ni gbogbo òpópónà ń pè é. Ọ́fíìsì ilẹ̀ ló ti ń ṣiṣẹ́. Bẹ́ẹ̀ ni, ọ́fíìsì tó fẹ́ wó ilé wa gan-an. Orí tábìlì àti àga tí bàbá mi kàn ni owó ilé ìwé rẹ̀ ti jáde, tó fi kàwé dé ibẹ̀. Ẹni tí a ní kó wá fẹ́ni lójú, ata ló fi sẹ́nu dé.

Ọ̀sán ọjọ́ Àìkú kan ló gbé àwòrán ọ̀nà náà wá, ó tẹ́ ẹ sórí tábìlì tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kùn, ọ̀dà sì mú un lẹ́yìn kí n tó lè sọ̀rọ̀. Ó ṣàlàyé fún wa bí olùkọ́ ṣe ń ṣàlàyé fún ọmọ tí orí rẹ̀ le. Ó ní ọ̀nà tí a ní báyìí kò fẹ̀ tó, ọkọ̀ tó ń gbé aláìsàn kò lè gbà á dé ilé ìwòsàn. Ó rán wa létí aláboyún tó kú sínú ọkọ̀ lọ́dún tó kọjá, níbi tí ọkọ̀ náà há sí láàárín gọ́tà àti kẹ̀kẹ́ olómi. Òótọ́ ni. Gbogbo wa la mọ obìnrin náà, gbogbo wa la sì sunkún rẹ̀.

Bàbá mi wá gbé ìka lé àwòrán náà, ó ń tẹ̀lé ìlà pupa tó dúró fún ọ̀nà. Ìlà náà gún régé bí ọ̀pá, ó gba orí ilé wa, ó gba orí ilé gbogbo aládùúgbò wa, ó sì ń lọ tààrà sí ilé ìwòsàn. Nígbà tó kù díẹ̀ kó débẹ̀, ó ṣàdédé yà sápá òsì, ó yí ibì kan po, ó tún padà sójú ọ̀nà. Bàbá mi béèrè pé kí ló wà níbẹ̀ tí ọ̀nà fi yà fún un. Ẹ̀gbọ́n mi wúkọ́. Ó ní ilé ọ̀gá kan ni, pé ilẹ̀ ibẹ̀ kò dára fún ọ̀nà. Mo ní ilẹ̀ náà kò dára lóòótọ́, pàápàá ibi tí ọ̀gá náà gbẹ́ odò ìlúwẹ̀ẹ́ sí. Ọ̀nà tiwa yìí lẹ́kọ̀ọ́ ilé, ó mọ ẹni tí a ń yà fún.

"Ilé mi ni," bàbá mi wí. "Èmi ni mo ra ilẹ̀, èmi ni mo kọ́ ọ. Bí mi ò bá fẹ́ tà, ta ló fẹ́ rà á?"

"Wọn ò ní kẹ́ ẹ tà á, Bàbá. Wọ́n máa gbà á ni, wọ́n á wá sanwó ẹ̀ fún yín. Òfin fún wọn láṣẹ ẹ̀. Ẹ̀tọ́ ẹnì kan ò lè ga ju ti gbogbo ìlú lọ."

"Gbogbo ìlú," ni bàbá mi wí. "Èmi ńkọ́? Ṣé àlejò ni mí níbẹ̀ ni?"

Ìyá mi, tí kì í fi ọ̀rọ̀ ṣòfò, béèrè bóyá owó náà máa tó kọ́ ilé mìíràn, àti bóyá wọ́n máa san án kó tó di pé òun kú. Ẹ̀gbọ́n mi ní ọ́fíìsì ń ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀. Ìyá mi ní ó dára, pé òun náà á máa ṣiṣẹ́ lórí kíkú.

Ibi tí ọ̀rọ̀ dé nìyẹn tí Lọ́yà-Ẹnu fi dá sí i. Lọ́yà-Ẹnu, tí ilé rẹ̀ wà ní ìsàlẹ̀ òpópónà wa, kò kàwé òfin rí. Fáìlì ló ń rù káàkiri kóòtù títí tó fi fẹ̀yìn tì, ó sì gbà pé gbogbo òfin tó rù lórí yẹn ti rìn wọ inú ọpọlọ òun. Ó pe gbogbo òpópónà jọ síwájú ṣọ́ọ̀bù wa, ó jókòó lórí àga oníbàárà tí a kò tíì gbowó rẹ̀ tán, ó ní òun ti rí ojú ihò tí a máa gbà jáde. Òfin sọ pé kí ìjọba tó lè gba ilé onílé, wọ́n gbọ́dọ̀ lẹ ìwé ìkìlọ̀ mọ́ ilẹ̀kùn àbáwọlé rẹ̀. Ilẹ̀kùn ni òfin wí. Kò sọ pé ògiri, kò sọ pé fèrèsé.

"Bí ò bá sí ilẹ̀kùn," ni Lọ́yà-Ẹnu wí, "kí ni wọ́n fẹ́ lẹ̀wé mọ́?"

Gbogbo wa pàtẹ́wọ́. Ọgbọ́n náà jinlẹ̀ débi pé kò sẹ́ni tó lè rí ìsàlẹ̀ rẹ̀. Ìyá Gọ́tà pàápàá pàtẹ́wọ́, obìnrin tí kì í bá ilé wa gbà lórí ohunkóhun.

Ó yẹ kí n sọ ti Ìyá Gọ́tà fún yín. Opó ni, ilé rẹ̀ ló tẹ̀ lé tiwa. Láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú ló ti ń sọ pé ọgbà wa ti jẹ nínú ilẹ̀ òun, pé omi gọ́tà wa ń jẹ èyí tó kù. Lọ́dọọdún ló máa ń jáde wá fi ẹsẹ̀ wọn ilẹ̀ rẹ̀, bàtà ọkọ rẹ̀ tó ti kú ló sì máa ń wọ̀ sẹ́sẹ̀ fún iṣẹ́ náà. Bàtà náà tóbi, nítorí náà ilẹ̀ náà kì í pé. Lójú gbogbo ayé ló ti ń pe bàbá mi ní olè ilẹ̀. Bàbá mi a máa kí i pé ẹ kú iṣẹ́.

Ta ló máa yọ ilẹ̀kùn? Káfíńtà kan ṣoṣo ló wà ní òpópónà. Bàbá mi gbé àpótí irinṣẹ́ rẹ̀, ó ń ti ilé bọ́ sí ilé, ó ń tú ilẹ̀kùn kúrò lára férémù wọn bí ẹni ń ká èso. Kò gba kọ́bọ̀. Ó ní àwa kọ́ la jọ ń jà ni? Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ilẹ̀kùn náà, òun ló kàn wọ́n láti ilẹ̀, ó sì ń fọwọ́ pa wọ́n lára bó ṣe ń tò wọ́n jọ sínú ṣọ́ọ̀bù. Èmi ni mo ń rù wọ́n. Ẹ̀yìn ń dùn mí títí di òní.

Bí a ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ilé aláìnílẹ̀kùn nìyẹn, àwa ajà-fún-ẹ̀tọ́ onílé. A kò fẹ́ kí ìjọba wọ ilé wa láìgbàṣẹ, nítorí náà a ṣí ilé sílẹ̀ fún ewúrẹ́, fún adìẹ, fún òjò, àti fún ẹnikẹ́ni tó bá ń kọjá tó sì fẹ́ mọ ohun tí a jẹ. Tọkọtaya kò lè jà mọ́ láìjẹ́ pé ará òdìkejì dá sí i láti orí ibùsùn tirẹ̀. Ọkùnrin tó ń tún rédíò ṣe ní òun kò sùn mọ́, pé òun jókòó ti àwọn rédíò òun. Ìyá mi ta aṣọ ìbora sẹ́nu ọ̀nà, Lọ́yà-Ẹnu ní kó ká a, pé kóòtù lè ka aṣọ sí ilẹ̀kùn.

Ẹ jọ̀ọ́, ọgbọ́n náà kọ́kọ́ ṣiṣẹ́. Ọkùnrin kan dé láti ọ́fíìsì ilẹ̀ pẹ̀lú garawa gọ́ọ̀mù, búrọ́ọ̀ṣì àti ìwé rẹpẹtẹ. Ó rìn dé òkè, ó rìn dé ìsàlẹ̀, ó ń wo ojú ilé wa tó là sílẹ̀ bí ẹnu ọmọ tó ń sunkún. Kò rí ibi tó máa lẹ nǹkan kan mọ́. Ó béèrè lọ́wọ́ mi bóyá nǹkan kan ṣẹlẹ̀ níbí, mo ní rárá, afẹ́fẹ́ la fẹ́. Ó gbé garawa rẹ̀, ó lọ. Lọ́jọ́ náà, Lọ́yà-Ẹnu rìn gba àárín òpópónà bí adájọ́ tó ń lọ jẹun, àwọn àgbàlagbà ń dìde fún un.

Ìdùnnú wa kò tíì rọlẹ̀ tán nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi sáré dé láàárọ̀ ọjọ́ kan, táì rẹ̀ ti yí sẹ́yìn ọrùn. Ó ní ọ́fíìsì ti jókòó lé ọ̀rọ̀ wa, inú wọn sì dùn gan-an. Lábẹ́ òfin, ilé tí kò bá ní ilẹ̀kùn tó ń ṣí tó sì ń tì, ilé àpatì ni. Ilé àpatì kò nílò ìwé ìkìlọ̀. Kò nílò owó gbà-má-bínú pẹ̀lú. Katakata á kàn wọlé ni. Ó ní àwọn tó máa díye lé ilé ti ń bọ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ náà, pé òun náà ni akọ̀wé tó máa tẹ̀ lé wọn, òun kàn sá wá kìlọ̀ fún wa ni. A wá Lọ́yà-Ẹnu. Lọ́yà-Ẹnu ní ìmọ̀ràn lásán lòun gbà wá, pé òun kò mọ̀ pé a máa tẹ̀ lé e.

Bàbá mi kò bá a jà. Ohun tó béèrè ni ibi tí wọ́n ti máa bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ní láti ìsàlẹ̀ ni, kí wọ́n tó máa gòkè bọ̀. Òkè pátápátá ni ilé wa wà, ti Ìyá Gọ́tà ló sì ṣáájú rẹ̀. Bàbá mi gbé àpótí irinṣẹ́, ó kọrí sí ìsàlẹ̀.

Mo ní, "Bàbá, ilé wa rèé."

Ó ní kí n gbé ilẹ̀kùn Lọ́yà-Ẹnu wá.

Mi ò tíì rí iṣẹ́ bí irú ti ọjọ́ náà rí. Àwọn méjì á di ilẹ̀kùn mú nínú férémù, bàbá mi á kúnlẹ̀, á yí ìṣó wọlé, á dìde, á ṣí i, á tì í, á bọ́ sí ilé kejì. Kò bi ẹnikẹ́ni pé ilẹ̀kùn ta nìyí, ó mọ gbogbo wọn bí ẹni mọ ọmọ rẹ̀. Nígbà tí a dé àárín òpópónà, àwọn ará ọ́fíìsì ti dé ìsàlẹ̀, wọ́n ń wọn ilé Lọ́yà-Ẹnu. Obìnrin kan ni ọ̀gá wọn, ó wọ awò, ó fi téèpù kọ́rùn, ẹ̀gbọ́n mi sì ń rìn lẹ́yìn rẹ̀ pẹ̀lú bírò. Àwa ń lọ níwájú, wọ́n ń bọ̀ lẹ́yìn. Ọkùnrin tó ń tún rédíò ṣe kò lè dúró, ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé ilẹ̀kùn tirẹ̀ kọ́, ó dorí rẹ̀ kodò, ọwọ́ ilẹ̀kùn wá wà níbi orúnkún. Obìnrin náà bẹ̀rẹ̀, ó ṣí i, ó tì í, ó ní ó dára.

Ó wá ku ilé méjì, tiwa àti ti Ìyá Gọ́tà. Ilé onírédíò tí obìnrin náà wà nìkan ló là wá láàárín. Mo ti gbé ilẹ̀kùn wa dání. Ẹnikẹ́ni tó bá lójú ló mọ̀ pé ilẹ̀kùn kan péré ni àyè rẹ̀ kù.

"Gbé ti ìyá yẹn wá," ni bàbá mi wí.

Inú bí mi débi pé ojú mi ṣókùnkùn. Mo ní a kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ ká máa pa làpálàpá. Mo ní obìnrin tó ń pè yín ní olè nìyẹn, pé ó tún máa pè yín bẹ́ẹ̀ lọ́la. Bàbá mi wọnú ṣọ́ọ̀bù, ó fúnra rẹ̀ gbé ilẹ̀kùn Ìyá Gọ́tà jáde. Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́ fún yín, ìyá náà bá a di ìṣó mú. Bó sì ṣe ń nà án sí i lọ́kọ̀ọ̀kan ló ń fi han bàbá mi pé férémù òun ti fì sọ́dọ̀ wa, pé ẹ̀rí tí òun ti ń wá láti ọjọ́ yìí nìyẹn.

Èmi àti ìyá mi fa ilẹ̀kùn wa sínú férémù, láìsí ìṣó kankan. Ìyá mi wọlé, ó fi ẹ̀yìn tì í láti inú kó má baà ṣubú. Mo dúró síta, mo ń fọwọ́ nu ojú, mo ń rẹ́rìn-ín sí ọ̀gá náà bó ṣe ń bọ̀. Kì í ṣe ènìyàn burúkú. Ó kí mi, ó kan ilẹ̀kùn.

Ìyá mi béèrè ẹni tó ń kànlẹ̀kùn. Obìnrin náà ní àwọn láti ọ́fíìsì ilẹ̀ ni. Ìyá mi béèrè àlàáfíà àwọn ọmọ rẹ̀. Ó béèrè ti ọkọ. Ó ń wá ti àwọn òbí rẹ̀ bọ̀ nígbà tí obìnrin náà bẹ̀ ẹ́ pé kó ṣílẹ̀kùn. Kí ni ìyá mi fẹ́ ṣe? Ó yíjú padà, ó gbá ilẹ̀kùn náà mọ́ra tòun ti fèrèsé kékeré ara rẹ̀, ó sì rìn sẹ́yìn pẹ̀lú rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, bí ẹni ń bá géńdé jó.

"Ó ti ṣí," ni ìyá mi wí láti ẹ̀yìn pákó.

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Obìnrin náà bọ́ awò rẹ̀, ó nù ún, ó tún un wọ̀. Ó yíjú sí ẹ̀gbọ́n mi, ó ní òun kò rí i dáadáa, pé ẹ̀rí akọ̀wé tó fún òun. Mo rí i pé ó fẹ́ ṣàánú wa, ọwọ́ ẹlòmíràn ló kàn fẹ́ fi ṣe é.

"Akọ̀wé, ṣé ilẹ̀kùn yìí ń ṣí, ó sì ń tì?"

Ẹ̀gbọ́n mi gbé bírò sókè. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló kù. Mo fojú bẹ̀ ẹ́. Bàbá mi ti dé láti ọ̀dọ̀ Ìyá Gọ́tà, òógùn bò ó, ìṣó tiwa ṣì wà ní ìkúùkù rẹ̀.

"Kọ ohun tó o rí," ló sọ fún un. "Iṣẹ́ ẹ nìyẹn. Má parọ́ nítorí mi."

"Bàbá."

"Kọ ọ́."

Ó kọ ọ́. Omi ń bọ́ lójú rẹ̀ bó ṣe ń kọ ọ́, mo sì kórìíra rẹ̀ lọ́jọ́ náà bí mi ò ṣe kórìíra ẹnikẹ́ni rí. Kí n má purọ́, ó ku díẹ̀ kí n kórìíra bàbá mi náà. Kí wọ́n tó dé ìsàlẹ̀ òpópónà, bàbá mi ti so ilẹ̀kùn wa kọ́. Ó ṣí i, ó tì í. Kò pariwo rárá.

Wọ́n sanwó. Mo ní ìjọba fẹ́ràn wa. Gbogbo òpópónà gba tiwọn, àfi ilé àpatì kan tó wà lókè. Lọ́yà-Ẹnu fi tirẹ̀ kọ́ ilé sí ẹ̀yìn ìlú, ilẹ̀kùn irin ló sì rà sí i, ó ní pákó kò ṣe é fọkàn tán. Ìyá Gọ́tà gba owó ilé, ó tún gba owó ilẹ̀ tó ní ọgbà wa jẹ, nítorí pé òfin kò mọ ẹni tó ni ilé àpatì, kò sì sẹ́ni tó lè ta kò ó. Àwọn aládùúgbò wá dágbére fún bàbá mi, wọ́n dì mọ́ ọn, wọ́n ní Ọlọ́run á san án fún un. Mo kíyè sí i pé Ọlọ́run nìkan ni wọ́n gbé iṣẹ́ náà fún.

Lónìí, ọ̀nà ti wà. Ó fẹ̀, ó dán. Nígbà kan mo dúró létí rẹ̀, ọkọ̀ aláìsàn kọjá ní eré, ó gba ibi tí ìyá mi ń gbé orí lé tẹ́lẹ̀, mo sì rí aláboyún nínú rẹ̀. Mo fẹ́ bínú, mi ò rí ẹni tí mo máa bínú sí. Mo gbàdúrà fún obìnrin náà kó bí i láyọ̀. Lẹ́yìn náà mo wo ibi tí ọ̀nà ti yà fún odò ìlúwẹ̀ẹ́, ìbínú mi sì padà wá, ara tù mí.

Ṣùgbọ́n ọjọ́ tí a kó kúrò ni mo bi bàbá mi léèrè. Yàrá kan lẹ́yìn ilé ẹ̀gbọ́n mi là ń lọ, ibi tí kò ti sí àyè fún tábìlì iṣẹ́ kan ṣoṣo. A ń di pákó tó kù sínú ọkọ̀ akẹ́rù. Mi ò lè pa á mọ́ra mọ́.

"Ilé mi ni, ilé mi ni. Ojoojúmọ́ lẹ̀ ń sọ ọ́. Kí ló dé tẹ́ ẹ wá fi tiwa ṣe ìkẹyìn?"

Ó fa okùn náà títí tó fi le, kó tó dáhùn.

"Tiwọn ni mo fọwọ́ mi yọ. Mi ò lẹ́tọ̀ọ́ láti fi nǹkan ẹlòmíì ṣòfò." Ó ju ìdí okùn sí mi. "Ilé yẹn, tèmi ni. Bó ṣe wù mí ni mo lè ṣe é."

Ó ní kí n dì í mú dáadáa, kí pákó má baà yọ̀ lójú ọ̀nà.